Títí Yìnyín Yóò Fi Rọ̀

Ọjọ́ tí Mohira kọ́kọ́ fojú kan Elyor, ẹrẹ̀ ló bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ọkùnrin náà ń yọ̀ bọ̀ láti orí òkè lórí pátákó síkì méjì, aṣọ pupa lọ́rùn, apá nínà bí ẹyẹ, gbogbo àlejò tó wà nísàlẹ̀ sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n yìnyín tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà kò fẹ̀ ju ẹní kan ṣoṣo lọ, ó sì tán kí òkè tó tán. Pátákó dúró, Elyor kò dúró. Ó fò kọjá koríko gbígbẹ, ó fi àyà wọ́ nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, ó wá gúnlẹ̀ sí ẹsẹ̀ tábìlì tí ọmọbìnrin kan ti ń ta tíì.

Ọmọbìnrin náà kò sá, bẹ́ẹ̀ ni kò pariwo. Ó gbé ìkòkò tíì rẹ̀ sókè kí ẹrẹ̀ má bàa ta sí i, ó sì wo ọkùnrin tó nà gbalaja síwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé tíì lẹ fẹ́ mu ni, àbí omi ìwẹ̀ ni kí n gbé wá?"

"Tíì," ni Elyor dáhùn, ẹrẹ̀ kún ẹnu rẹ̀. "Kí ṣúgà pọ̀ níbẹ̀."

"Ṣúgà ò lè ran èyí tó ṣe yín yìí o."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé abẹ́ igi àpù tó ń tanná ni wọ́n ti pàdé, irọ́ ló pa. Èmi ni mò ń ta sámúsà ẹlẹ́ran, tí mò ń yan nínú ààrò, ní tábìlì kejì, ẹrẹ̀ tó ta lọ́jọ́ náà ta sí mi lára. Ohun tí mi ò fojú ara mi rí nínú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n wá sọ ọ́ fún mi nídìí ààrò, èyí tí wọn kò sì sọ, mo mọ̀ ọ́n.

Oṣù Kejìlá la wà, ṣùgbọ́n bí oṣù Kẹrin ni oòrùn ń ràn ní Chimgan, abúlé wa. Àwọn àlejò láti Tashkent ń bọ́ ẹ̀wù òtútù wọn sọ́wọ́. Àga tí okùn irin ń gbé lọ sókè ń lọ, ó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó jókòó lórí rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń tu yìnyín sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kì í ṣiṣẹ́ bí òtútù kò bá mú, òtútù kò sì mú.

Elyor ló ń kọ́ àwọn àlejò bí wọ́n ṣe ń yọ̀ lórí yìnyín. Iṣẹ́ tó mọ̀ nìyẹn, ó sì mọ̀ ọ́n débi pé àwọn ọmọ olówó ń béèrè rẹ̀ lórúkọ. Lọ́dún yẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́. Ó wá di pé láàárọ̀ gbogbo, á wá jókòó sídìí tábìlì Mohira.

"Ẹ̀gbọ́n Elyor, ṣé ẹ ò níṣẹ́ ni?"

"Mo níṣẹ́. Yìnyín ni kò wá síbi iṣẹ́."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi la igi yẹn."

Ó bá a la igi. Lọ́jọ́ kejì, ó bá a pọn omi. Lọ́jọ́ kẹta, ó bá a fọ ife nínú omi tútù ìsàlẹ̀ òkè, ó sì dojú wọn délẹ̀ lórí aṣọ bí Mohira ṣe máa ń ṣe é, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Mohira rí i. Obìnrin kì í gbàgbé ọkùnrin tó bá wo bí òun ṣe ń ṣe nǹkan, tó sì ṣe é bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Elyor gbọ́ pé ọmọ ìsàlẹ̀ òkè ni Mohira, tí wọ́n bí síbẹ̀, tí kò sì gun pátákó síkì rí láyé rẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀.

"Bàbá mi ò gbà," ni Mohira wí. "Wọ́n ní kò sí ohun tí mo fẹ́ wá lórí yìnyín."

"Yìnyín kọ́ ni màá gbé ẹ lé. Kò tiẹ̀ sí."

Ó tẹ́ koríko gbígbẹ sí ẹ̀yìn ilé ẹṣin bàbá Mohira, ó so pátákó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó sì dúró síwájú rẹ̀ bí tíṣà gidi.

"Tẹ orúnkún ẹ. Má wo ẹsẹ̀, ibi tó ò ń lọ ni kó o máa wò."

"Ibo ni mò ń lọ? Àárín koríko ẹṣin ni mo wà!"

"Máa wò mí nígbà náà."

Ó wò ó, ó sì ṣubú. Elyor na ọwọ́ gbé e dìde, ọwọ́ méjèèjì sì gbàgbé láti fira wọn sílẹ̀. Àwọn ẹṣin yọ orí lójú fèrèsé wọn, wọ́n ń wò. Mohira fẹ́ràn ọkùnrin yìí, kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ó máa ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín kí ẹlòmíì tó rí àyè, àti torí pé kò parọ́ fún un rí. Elyor ní tirẹ̀ kò lè jẹun mọ́. Sámúsà mi tí ó máa ń jẹ mẹ́rin di ẹyọ kan, mo sì bínú sí ìfẹ́ náà díẹ̀ nítorí ìyẹn.

Nígbà tó pé oṣù kan, Elyor rán ìyá rẹ̀, Halida, lọ sílé Mohira. Halida fi aṣọ funfun wé búrẹ́dì roboto méjì, ó sì gbé wọn síwájú Tursunboy, bàbá ọmọbìnrin náà. Bí bàbá bá gbà, á bá a bu búrẹ́dì náà, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Tursunboy bu tíì fún un, ó béèrè àlàáfíà gbogbo ilé, ó sì ti búrẹ́dì náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀ lódindi.

"Ìyá Elyor, ọmọ yín dáa. Mi ò rí àbùkù kankan lára rẹ̀. Òkè yẹn ni mi ò fọkàn tán."

"Yìnyín á rọ̀, Bàbá Mohira. Ṣebí ó ti ń rọ̀ látayébáyé."

"Ọdún méjìlélógún ni mo fi ṣiṣẹ́ nídìí àga okùn yẹn. Mo mọ bó ṣe ń rọ̀, mo sì mọ ìgbà tí kì í rọ̀." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Lọ́dún tí kò rọ̀, mo bá àwọn ẹgbẹ́ mi lọ sí Rọ́ṣíà lọ ru bíríkì. Ibẹ̀ ni mo wà tí wọ́n fi pè mí pé ìyá Mohira ti kú. Kí n tó dé, wọ́n ti sin ín. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọmọ yẹn, òun nìkan ló jókòó ti ìyá rẹ̀. Ṣé kí n tún wá fi í fún ẹni tó máa gba irú ọ̀nà yẹn lọ?"

Halida na ọwọ́ sí aṣọ funfun rẹ̀. Ó tún búrẹ́dì rẹ̀ wé.

"Ìdílé oníṣègùn eyín kan nílùú Gazalkent ti ránṣẹ́ wá tọrọ Mohira," ni Tursunboy parí ọ̀rọ̀. "Wọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́ tí ogójì ọjọ́ òtútù bá pé. Eyín á máa dun èèyàn ní tirẹ̀, yálà yìnyín rọ̀ o, kò rọ̀ o."

Bí Elyor ṣe gbọ́ èyí, ọkàn rẹ̀ dàrú. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún péré ló kù kí ogójì ọjọ́ náà, èyí tí òtútù máa ń mú jù lọ́dún, pé. Ibẹ̀ ló ti hu ìwà tí mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí.

Lọ́dọ̀ wa, lọ́jọ́ tí yìnyín àkọ́kọ́ bá rọ̀ lọ́dún, èèyàn lè kọ lẹ́tà yìnyín sí ẹni tó bá wù ú. Wàá kọ ohun tó o fẹ́ síbẹ̀, wàá dọ́gbọ́n fi í lé ẹni náà lọ́wọ́ láìfura, wàá sì sá. Bí o bá mú un jẹ, dandan ni kó fún ọ lóhun tó o béèrè. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá bà ọ́, á fi dúdú ìdí ìkòkò kun ojú rẹ, ìwọ ni wàá wá ṣe ohun tí òun bá fẹ́. Oúnjẹ la sábà máa ń béèrè, tàbí bàtà, tàbí àgùntàn kan bí ojú ẹni bá le. Lọ́dún yẹn, kò tíì sẹ́ni tó kọ ọ̀kan, torí yìnyín àkọ́kọ́ kò tíì rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òtútù mú díẹ̀, àwọn tó ni òkè náà sì sáré tan ẹ̀rọ wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìsàlẹ̀ òkè ti funfun. Elyor wò ó, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé funfun ni funfun ń jẹ́. Ó mú bébà.

Tursunboy ń fún àwọn ẹṣin rẹ̀ mọ́kànlá lóúnjẹ nígbà tí Elyor dé, tó na ìjánu tuntun kan tó fi bébà wé sí i.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní kí n mú èyí wá fún yín."

Tursunboy gbà á. "Ta ló ní kó o mú un wá fún mi?"

"Lẹ́tà yìnyín!" ni Elyor kígbe, ó sì ki eré mọ́lẹ̀.

Bàbá náà tú bébà, ó ka ìlà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. "Ọmọ yìí! Ọmọ Halida! Dúró níbẹ̀!" Ó fò gun ẹṣin láìsí gàárì. Gbogbo wa jáde. Mo fi sámúsà sílẹ̀ nínú ààrò, ó jóná, mi ò kábàámọ̀. Elyor ń sá lọ nínú ẹrẹ̀, ẹṣin ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó kù díẹ̀ kí ọwọ́ bà á ló fò jókòó sórí àga okùn, àga sì gbé e, ó ń gbé e lọ sókè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tursunboy ń gun ẹṣin lọ nísàlẹ̀, ó ń nàka sí ojú ọ̀run, ó ń ṣẹ́ èpè tí kò ṣeé tún sọ.

"Sọ̀ kalẹ̀ wá, ìpáǹle!"

"Bàbá, ẹ má bínú! Ẹ ti gbà á lọ́wọ́ mi ná!"

Ṣùgbọ́n kí ọ̀sán tó pọ́n, oòrùn ti yọ́ gbogbo funfun náà. Tursunboy gbé lẹ́tà náà lọ sílé tíì níwájú àwọn àgbà.

"Ẹ̀yin àgbà, ta ló rí yìnyín tó ń bọ́ láti òkè lónìí?"

Kò sẹ́ni tó rí i. Wọ́n rò ó, wọ́n mu tíì sí i, wọ́n sì dájọ́. Wọ́n ní ohun tí ẹ̀rọ bá tu, omi ni. Wọ́n ní ẹni tó bá purọ́ mọ́ yìnyín àkọ́kọ́, bí ẹni tí ọwọ́ bà ló rí. Wọ́n kun Elyor lójú níbẹ̀, ó dúdú bí ìdí ìkòkò tí wọ́n ti ha á, wọ́n sì bi Tursunboy ní ohun tó fẹ́ kó ṣe.

"Kó máa wá kó ìgbẹ́ ẹṣin mi," ni Tursunboy wí. "Títí yìnyín yóò fi rọ̀ láti ojú ọ̀run."

Gbogbo ilé tíì bú sẹ́rìn-ín. A rò pé kò lè ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Elyor pàdé Mohira lẹ́nu ọ̀nà ọgbà wọn. Ó ti ń rẹ́rìn-ín sí i, eyín rẹ̀ funfun nínú dúdú ojú rẹ̀. Mohira kò rẹ́rìn-ín.

"Kí lẹ kọ sínú lẹ́tà yẹn?"

"O mọ̀ ọ́n. Ìwọ ni mo béèrè."

"Ìrẹsì ni wọ́n máa ń béèrè nínú lẹ́tà yìnyín. Ẹran. Bàtà. Ṣé bàtà ni mí, Ẹ̀gbọ́n Elyor?"

"Ẹ̀mí mi, mo rò pé…"

"Ẹ rò. Ẹ bi bàbá mi, ẹ bi ẹ̀rọ, ẹ bi gbogbo Chimgan. Èmi ńkọ́? Ta ló bi mí?"

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín tán lójú Elyor, torí ó mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Láti ọjọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ kejì wọlé, ojú ọ̀run mọ́ gaara. Òórùn ẹṣin wọ̀ ọ́ lára. Mohira ń gbé tíì jáde fún un lóòjọ́, á gbé e sórí òkúta, á sì padà wọlé láìsọ̀rọ̀. Tíì náà ní ṣúgà púpọ̀, èyí ló ń fún un lókun.

Àwọn yòókù tó ń kọ́ni ní síkì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù wọn. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, wá bá a nínú ilé ẹṣin. Tursunboy wà lẹ́yìn ògiri, ó ń tún gàárì ṣe.

"Bọ́ọ̀sì ń lọ sí Mọ́sìkò ní ọjọ́ Àìkú. Àyè ẹ wà níbẹ̀. Òkè yìí ti kú lọ́dún yìí, jẹ́ ká lọ."

"Mi ò lè lọ. Yìnyín ò tíì rọ̀."

"Nítorí ìgbẹ́ ẹṣin? Ta ló máa mú ẹ tó o bá lọ?"

"Kò sẹ́ni tó máa mú mi. Mi ò kàn ní lọ ni."

Tursunboy gbọ́ ọ. Abẹ́rẹ́ tó fi ń rán gàárì dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹṣin ló wá ń pawó lọ́dún náà, torí àlejò tí kò rí yìnyín yóò fẹ́ gun nǹkan ṣáá. Elyor mọ gbogbo kọ̀rọ̀ òkè náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹṣin kó àwọn àlejò lọ sí kòtò òjìji kan lókè pátápátá, níbi tí yìnyín ọdún tó kọjá ṣẹ́kù sí, kí àwọn ọmọ wọn lè fọwọ́ kàn án. Tursunboy kò gbé ẹṣin kọjá òpó kẹta àga okùn rí. Ó bá wọn lọ lọ́jọ́ kan, nígbà tí wọ́n sì padà dé, òun fúnra rẹ̀ ló bu ìrẹsì fún Elyor lálẹ́ yẹn, ó sì gbé ẹran tó tóbi jù sí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Elyor ń fọ pátákò ẹṣin pupa kan, Mohira sì gbé tíì wá. Kí ó tó yí padà, Elyor sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè.

"Mohira, mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan."

"Ẹ bi mí."

"Ṣé wàá fẹ́ mi? Tó o bá ní rárá, màá ṣì máa kó ìgbẹ́ yìí, torí ìyẹn jẹ́ ti bàbá ẹ. Ìdáhùn tìẹ ni mo fẹ́ gbọ́."

Mohira gbé tíì sílẹ̀. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbo ẹ̀yìn ẹṣin náà.

"Ẹ tún un sọ."

"Ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́. Ó dùn mọ́ mi ni. Ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ. Mohira yọ ojú láti orí ẹ̀yìn ẹṣin, ojú rẹ̀ pọ́n, omi sì wà níbẹ̀.

"Màá fẹ́ yín. Ká ní ẹ ti fi ẹnu ara yín bi mí látìgbà yẹn, wọn kì bá tí kùn yín lójú."

Ogójì ọjọ́ òtútù pé, òtútù kò sì wá. Igi ábíríkọ́ọ̀tì tó wà lẹ́nu ọ̀nà Tursunboy ti ń rudi, ó rò pé ọdún ti yí. Ìyá oníṣègùn eyín dé láàárọ̀ pẹ̀lú àbúrò rẹ̀, búrẹ́dì àti súwíìtì nínú apẹ̀rẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ra sámúsà lọ́wọ́ mi kó tó wọlé. Mohira bu tíì fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó sì rọra sọ ọ́ sí i létí.

"Bàbá, èèyàn dáadáa ni wọ́n. Ẹni tó wà nínú ilé ẹṣin ni mo fẹ́."

Tursunboy dìde. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ àlejò, ó sì jáde lọ sílé ẹṣin. Elyor wà níbẹ̀, ó di ṣọ́bìrì mú. Ó ti rí apẹ̀rẹ̀ náà tó wọlé.

"Wọ́n ní o ò bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ lọ sí Rọ́ṣíà."

"Ẹ ní kí n wà níbí títí yìnyín yóò fi rọ̀, Bàbá. Kò tíì rọ̀."

"Tí kò bá rọ̀ mọ́ lọ́dún yìí ńkọ́?"

"Màá wà níbí."

"Lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Màá wà níbí."

"Tó bá wá rọ̀?"

"Màá lọ kọ́ àwọn àlejò lókè láàárọ̀, màá padà wá sílé lálẹ́. Ibi tí Mohira bá wà ni mo ń wà, Bàbá. Kò sí ibòmíì tí mò ń lọ."

Tursunboy dojú garawa kan délẹ̀, ó jókòó lé e lórí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ọdún mẹ́tàlá ló ti sin ìyàwó rẹ̀ nínú ọkàn, torí kò rí i sin lójú oórì, ọjọ́ yẹn sì ni ẹkún náà wá jáde. Elyor gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó wá lóṣòó tì í.

"Fọ ọwọ́ ẹ," ni bàbá náà wí nígbẹ̀yìn. "Lọ pe ìyá ẹ. Kó mú búrẹ́dì wá."

Ìyá oníṣègùn eyín gba ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú sùúrù. Ó wo ẹ̀rín tó bo gbogbo ojú Mohira, ó ní kò síṣẹ́ fún ọmọ òun lẹ́nu yẹn rárá, ó sì gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Halida sáré dé, ìborí rẹ̀ wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ààrò mi gbóná lọ́wọ́ rẹ̀.

Tursunboy di ẹ̀gbẹ́ kan búrẹ́dì náà mú, Halida di ìkejì. Gbogbo wa rọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá náà kò fà á. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Mohira, mo fẹ́ bi ẹ́ níwájú gbogbo èèyàn, torí mo gbọ́ pé o fẹ́ kí wọ́n máa bi ẹ́. Ṣé kí n bù ú?"

Mohira wo Elyor, tí omi ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ bù ú, Bàbá," ló wí. "Ó ti ń tutù."

Wọ́n bù ú. Yìnyín kò rọ̀ lọ́dún yẹn títí a fi gbé ìyàwó, inú oòrùn la ti jó, Elyor sì ti fún ẹṣin mọ́kọ̀ọ̀kànlá lóúnjẹ kó tó wọ aṣọ ọkọ ìyàwó.